Àgbàyà lọ́kùnrin, ẹni àánú lóbìnrin: kí ló fa ojú méjì tí a fi ń wo àgbàlagbà tó ń tan ọmọdé nínú fíìmù?

Àbẹ̀kẹ́ Òǹwòran

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń rú mi lójú láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Àwa mẹ́fà kan máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní ilé ọ̀kan nínú wa ní Ìbàdàn. A ó wo fíìmù kan, a ó jẹun, a ó sì jiyàn lórí ohun tí a wò. Lóṣù tó kọjá, eré Yorùbá kan la wò, nínú èyí tí ọ̀gá ilé-ìwé kan ti ń fi máàkì ìdánwò dẹ ọmọbìnrin ọlọ́dún 16. Eré náà kò tíì dé ìdajì tí gbogbo wa ti ń pariwo: "Àgbàyà! Ẹ wo àgbà òṣì!" Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí wọ́n tẹ ọkùnrin náà lọ́dàá. Nígbà tí ọlọ́pàá wá mú un ní ìparí eré, a pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé àwa la mú un.

Lóṣù yìí, a wo The Reader, fíìmù ọdún 2008 tí Stephen Daldry darí, èyí tí wọ́n gbé ka ìwé tí Bernhard Schlink kọ ní èdè Jámánì ní 1995. Fún ẹni tí kò bá tíì wò ó, ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní 1958. Àìsàn kọ lu Michael, ọmọ ọdún 15, lójú ọ̀nà, Hanna, ẹni ọdún 36 tó ń gba owó ọkọ̀ nínú tíráàmù, sì ṣaájò rẹ̀, ó sìn ín délé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ara ọmọ náà yá, ó padà lọ dúpẹ́, láti ìgbà náà sì ni obìnrin yìí ti sọ ọmọ ilé-ìwé di àlè, tí ọmọ náà sì ń ka ìwé fún un, láìmọ̀ pé Hanna kò mọ̀wé kà rárá. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Michael, tó ti ń kọ́ ìmọ̀ òfin, rí i nílé ẹjọ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ rẹ̀ pé ó ṣe wọ́dà fún àwọn Násì, ìyẹn ìjọba Hitler, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àti pé ó wà lára àwọn tí kò ṣílẹ̀kùn fún àwọn obìnrin Júù tó jóná mọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì kan. Kate Winslet tó ṣe Hanna gba Oscar fún un.

Nígbà tí fíìmù parí, omi ti kún ojú gbogbo wa. A jiyàn títí di aago mẹ́wàá alẹ́ lórí bóyá àìmọ̀wé Hanna tó àwáwí, àti bóyá obìnrin tó kọ́ ìwé kíkà lẹ́wọ̀n ti ronú pìwà dà. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin wa rẹ́rìn-ín, ó ní irú oríire tó bá Michael kò bá òun nígbà tí òun wà ní fọ́ọ̀mù fáìfù, a sì bá a rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó pe Hanna ní àgbàyà. Èmi náà kò pè é bẹ́ẹ̀. Ẹkún lèmi ń sun.

Ìgbà tí mo délé ni mo bá ọmọ mi ọkùnrin tó ti sùn lọ sórí àga, tí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá wà láyà rẹ̀. Ó pé ọdún 14 ní oṣù Ẹrẹ́nà. Mo dúró síbẹ̀, mo ń bi ara mi pé bí obìnrin ẹni ọdún 36 kan ládùúgbò wa bá ń pe ọmọ yìí wọlé lọ́sàn-án, tó ń fi ìbínú dárí rẹ̀ lónìí, tó ń fi ìkẹ́ fà á padà lọ́la, ṣé omijé àánú ni n óò máa sun fún obìnrin náà?

Ẹ lè sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi ju èyí lọ ló wà lọ́rùn Hanna, àti pé òun ló gba gbogbo àyè. Lóòótọ́, púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tó wáyé ní gbangba nígbà tí fíìmù náà jáde dá lórí bóyá ó ń fi àánú bo ẹ̀ṣẹ̀ àwọn Násì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé inú eré Yorùbá yẹn náà ń jí owó ilé-ìwé kó, kò sì sí ẹni tó tìtorí owó náà gbàgbé ọmọbìnrin yẹn.

Ìbéèrè mi nìyí: kí ni ojú wa ń wò gan-an? Ṣé ọgbọ́n olùdarí eré ló ń tàn wá ni, àbí a ti gbà lọ́kàn wa tipẹ́tipẹ́ pé kò sí ohun tí ọmọkùnrin lè pàdánù?

Ìyá Olùkọ́

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, o ṣeun tí o fi ara rẹ kún àwọn tí ò ń bá wí. Ṣùgbọ́n n kò ní lè bá ọ rìn dé òpin ọ̀nà yìí.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé girama kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti rí ọmọbìnrin tí oyún lé kúrò ní kíláàsì nígbà tí ìdánwò àṣekágbá ku oṣù méjì. Mo ti bá ìyá ọmọ jókòó níbi tí a ti ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó má lé e jáde nílé, mo sì ti rí ọkùnrin tó fún un lóyún ní òde àríyá ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, tó ń náwó fún onílù. N kò rí ọmọkùnrin kan tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gba àga kúrò lábẹ́ rẹ̀ rí. Bí ariwo òǹwòran bá wá pọ̀ nígbà tí wọ́n rí àgbà ọkùnrin àti ọmọbìnrin, ohun tí ojú wọn ti rí nílé ni wọ́n ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, n kò sì lè pe ìyẹn ní ojúsàájú.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí o rántí ni pé ariwo tí o gbọ́ nínú yàrá yín yẹn, tuntun ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, tí àwọn ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé bá gbé eré wá sí gbọ̀ngàn ìlú wa, bàbá arúgbó tó ń lé ọmọge kiri ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́rìn-ín. A ó rẹ́rìn-ín títí ìhà yóò fi máa dùn wá. Bí ọmọge náà bá wá kó sí wàhálà, òun ni wọ́n máa ń bi pé kí ló wá dé ilé àgbàlagbà. Ó gba àwọn obìnrin ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹ̀rín yẹn tó kúrò lẹ́nu òǹwòran, kò sì tíì kúrò tán. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "obìnrin náà ń ṣe é", àwọn tí inú wọn kò dùn sí ìyípadà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí ibi sá sí.

N kò sọ pé Hanna ṣe dáadáa o. Mo ní ẹrù méjèèjì kò wúwo bákan náà, kò sì yẹ kí a fi ìwọ̀n kan náà wọ̀n wọ́n.

Gbénró Agéfíìmù

Ẹ̀yin ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa to àwòrán fíìmù pọ̀, ohun tí iṣẹ́ náà sì kọ́ mi ni pé kí òǹwòran tó dá ẹjọ́, ẹnì kan ti bá a dá a sílẹ̀ nínú yàrá tí a ti ń gé fíìmù.

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi ni pé ta ló ń rántí. Nínú The Reader, Michael tó ti dàgbà, tí Ralph Fiennes ṣe, ló ń rántí. Nínú Summer of '42, fíìmù ọdún 1971 tí Robert Mulligan darí, ọkùnrin tó ti dàgbà ló ń ròyìn bí obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lójú ogun ṣe gba òun, ọmọ ọdún 15, mọ́ra ní alẹ́ tí ìròyìn ikú náà dé. Gbogbo rẹ̀ dẹ̀ bí òwú: òkun ń bì, oòrùn ń wọ̀, orin Michel Legrand tó gba Oscar ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí a ṣe é sí fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún wa pé ó dùn, ta wá ni òǹwòran tí yóò bá a jiyàn? Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí ọmọ náà ti kọ́ pé dídùn ni kí òun máa pè é.

Bí ẹ bá wá fi ọmọbìnrin rọ́pò ọmọkùnrin, ẹni tó ń rántí a máa yí padà pẹ̀lú. Nínú Lolita, ìwé Vladimir Nabokov tó jáde ní 1955, Humbert tó jẹ́ àgbàlagbà ló ń sọ̀tàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ ọdún 12 tí ó ba ìgbà èwe rẹ̀ jẹ́ kò ní orí kan nínú ìwé náà tí a ti gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ pàápàá kì í ṣe Lolita. Dolores ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́, Humbert ló ń pè é ní Lolita. Nabokov kọ ọ́ kí a lè rí irọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ dídùn ọkùnrin náà, síbẹ̀ àwọn ènìyàn gba irọ́ náà gbọ́ débi pé "Lolita" di ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọbìnrin tó ń fa àgbà ọkùnrin mọ́ra. Ẹni tí wọ́n ṣe níkà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà lórúkọ. Nítorí náà, ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ pé ojúsàájú yìí kì í fìgbà gbogbo gbe ọmọbìnrin. Ohùn tó bá dùn jù létí ni òǹwòran ń tẹ̀ lé, yálà ohùn ẹni tó ṣe é ni tàbí ohùn ẹni tí a ṣe é sí.

Ọ̀rọ̀ òṣèré tún wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni Michael nínú ìtàn, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe The Reader dúró títí David Kross fi pé ọdún 18 kí wọ́n tó ya àwọn ibi tí òun àti obìnrin náà ti jọ wà lórí ibùsùn. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyẹn. Àmọ́ etí òǹwòran ń gbọ́ 15 nígbà tí ojú rẹ̀ ń rí géńdé, ojú ló sì máa ń borí. Bákan náà ni The Graduate ti ọdún 1967, níbi tí wọ́n ti fẹ́ kí a gbà pé Ìyáàfin Robinson dàgbà tó ẹni tó lè bí Benjamin, ọ̀dọ́mọkùnrin tó di àlè rẹ̀, lọ́mọ, nígbà tí Anne Bancroft tó ṣe é kò fi ju nǹkan bí ọdún mẹ́fà lọ ju Dustin Hoffman tó ṣe Benjamin. (Benjamin ti dàgbà nínú ìtàn tirẹ̀, n kò kà á mọ́ ohun tí a ń sọ, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọjọ́ orí tí a ń rí nínú fíìmù, ayédèrú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.)

Ṣùgbọ́n kí a tó gbà pé a máa ń dárí ji obìnrin, ẹ jẹ́ kí a wo fíìmù tiwa. Ta ló ń ṣàánú ṣúgà mọ́mì inú fíìmù Nàìjíríà? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó ní jíìpù, gèlè rẹ̀ ga, ìparí rẹ̀ sì ni kí a gbọ́ pé ó ti fẹ́ fi ọmọkùnrin náà ṣètùtù owó, tàbí kí wèrè mú un lójú títì. A máa ń fìyà jẹ ẹ́ dáadáa. Ẹ wá wo ohun tí a tìtorí rẹ̀ fìyà jẹ ẹ́: owó rẹ̀ ni, àìlọ́kọ rẹ̀ ni, pé ó ṣì ń wá ọkùnrin ní ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Ìyá ọmọkùnrin yóò wólẹ̀, yóò máa sunkún pé obìnrin náà kò fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ ìyàwó. Bí ọmọkùnrin náà jẹ́ géńdé yunifásítì, tàbí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16 tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ kan náà ni òǹkọ̀wé eré máa ń fi sí wọn lẹ́nu. Hanna rí àánú gbà nítorí pé kò lówó, kò mọ̀wé, ó sì lẹ́wà. Ṣúgà mọ́mì kò rí i gbà nítorí pé ó lówó, ó gbọ́n, ó sì ti ń darúgbó. Nínú ìdájọ́ méjèèjì, ẹ bá mi wá ọmọkùnrin náà.

Agbẹjọ́rò Ìlú Aró

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ìdí tí Ìyá Olùkọ́ sọ nípa oyún kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúgbò lásán, nítorí pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti gbé ìdájọ́ kà á rí. Ní 1981, nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Michael M., ọmọkùnrin kan ní Kalifóníà ta ko òfin tó ń fìyà jẹ ọkùnrin nìkan bí ó bá bá ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 18 lò pọ̀. Àwọn adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní kí òfin náà dúró. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ọmọbìnrin ni oyún ń bá, ìbẹ̀rù oyún sì ti ń ká a lọ́wọ́ kò tẹ́lẹ̀, nígbà tí kò sí ohun tó ń ká ọkùnrin lọ́wọ́ kò àfi òfin. Ní 1993, Kalifóníà fúnra rẹ̀ yí òfin náà padà kí ó lè kan tọkùnrin tobìnrin. Ọdún yẹn kan náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Kansas dájọ́ pé ọmọkùnrin kan tó di bàbá ní ọmọ ọdún 13, tí ẹni tó bímọ fún un sì jẹ́ ọmọbìnrin tó fi ọdún mélòó kan jù ú lọ tí wọ́n gbà láti máa tọ́jú rẹ̀, gbọ́dọ̀ san owó ìtọ́jú ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò gbà pé ọmọ ọdún 13 lè fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Oyún náà kò yọ ọmọkùnrin sílẹ̀ pátápátá, ìyá wa.

Lọ́dọ̀ tiwa, abala 357 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó túmọ̀ ìfipábánilòpọ̀ sí ohun tí a ṣe sí obìnrin tàbí ọmọbìnrin, abala 218 tó ń dáàbò bo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 sì dárúkọ ọmọbìnrin nìkan. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 gba ọ̀nà mìíràn: abala 31 rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ọmọdé lò pọ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ni ìjìyà rẹ̀, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sì ni ó ń pè ní ọmọdé. Kò sí àwáwí pé ọmọ náà gbà. Òfin tó ta ko ìwà ipá sí ènìyàn, tí wọ́n ṣe ní 2015, náà kò ya akọ sọ́tọ̀ lára abo nígbà tí ó ń sọ ẹni tó lè jẹ̀bi ìfipábánilòpọ̀. Lójú àwọn òfin tuntun wọ̀nyí, Hanna àti ọ̀gá ilé-ìwé inú eré yín yóò jọ dúró nínú àpótí ẹjọ́ kan náà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni ẹnu wa. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́: àgbà ọkùnrin a máa "ba ọmọbìnrin jẹ́", ṣùgbọ́n àgbà obìnrin a máa "la ọmọkùnrin lójú". Ọ̀kan jẹ́ ìbàjẹ́, èkejì di ẹ̀kọ́. Àwọn òyìnbó náà ní tiwọn. Nígbà tí olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Washington, Mary Kay Letourneau, tó ti lé ní ọdún 30, gbà nílé ẹjọ́ ní 1997 pé òun jẹ̀bi ìfipábánilòpọ̀ ọmọ ọdún 12 sí 13 tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òun, adájọ́ dá púpọ̀ nínú ọdún méje àbọ̀ tó yẹ kí ó lò dúró, ó ní kí ó lo oṣù díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tún rí i pẹ̀lú ọmọ náà ni wọ́n tó ní kí ó lọ lo ọdún rẹ̀. Ìwé ìròyìn kò sì dẹ́kun pípè é ní ìtàn ìfẹ́. N ò rò pé ẹnikẹ́ni lè sọ bẹ́ẹ̀ ká ní ọkùnrin ni olùkọ́ náà.

Láńre Ìsàlẹ̀ Ọjà

Ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ti sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìwòsàn rẹ̀ jẹ́ pé kí a máa pariwo lé Hanna lórí bí a ṣe pariwo lé ọ̀gá ilé-ìwé yẹn lórí. Èmi kò kábàámọ̀ pé mo ṣàánú Hanna. Bí gbogbo àgbàyà inú fíìmù bá ní ìwo lórí, tí ó sì ń fi eyín pupa rẹ́rìn-ín, níbo ni ọmọ wa yóò ti kọ́ láti dá èyí tí kò ní ìwo mọ̀, tó jẹ́ ẹni rere ládùúgbò, tó ń fún un ní bisikíìtì? Fíìmù Yorùbá tí Àbẹ̀kẹ́ ròyìn yẹn gan-an ni èmi fẹ́ bá wí, nítorí pé ó rọrùn jù láti kórìíra ọkùnrin náà.

Ẹni Tí Kò Dárúkọ

N kò ní sọ ibi tí mo ń gbé. Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà náà, obìnrin náà sì ti lé ní 30. Ayálégbé ni nínú ilé wa, ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀, òun ló sì máa ń bá a mójú tó wa bí ó bá lọ sọ́jà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, mo sọ ọ́ fún àwọn tí a jọ ń gbé yàrá. Mo fi ìyangàn sọ ọ́, nítorí pé ohun tí mo ti kọ́ nínú fíìmù àti lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n ni pé ohun ìyangàn ni. Wọ́n gbé mi sókè. Wọ́n fún mi ní orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè mí títí mo fi gboyè jáde. Kò sí ẹni tó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, èmi náà kò sì bi ara mi, títí mo fi ní ọmọ tèmi.

Èmi àti ìyàwó mi jọ wo May December, fíìmù ọdún 2023 tí Todd Haynes darí, èyí tó fa díẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀ yọ láti inú irú ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò wa sọ lókè yìí. Joe, tí Charles Melton ṣe, jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà tí obìnrin ẹni ọdún 36 kan sọ ọ́ di tirẹ̀. Nígbà tí a ń wò ó, òun náà ti di ẹni ọdún 36, obìnrin náà ti di ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń parí ilé-ìwé girama. Ibì kan wà níbẹ̀ tí Joe ti ń wá ọ̀nà láti béèrè bóyá òun kò kéré jù nígbà náà láti ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, tí obìnrin náà sì dá ìbéèrè padà sí i lọ́rùn pé ta ni ọ̀gá láàárín àwọn méjèèjì nígbà náà. Ìyàwó mi ló dá fíìmù dúró, nítorí pé ó rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọjọ́ yẹn ni mo tó sọ ọ́ fún un.

Lẹ́yìn náà ni mo kà pé abẹ́ eré apanilẹ́rìn-ín àti eré olórin ni wọ́n fi fíìmù náà sí nígbà àmì-ẹ̀yẹ Golden Globe. Mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀, mo sì gbà pé àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Síbẹ̀, àwọn tí a jọ gbé yàrá ni mo rántí.

Ìyá Olùkọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ní ẹ kò rí ọmọkùnrin tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gba àga kúrò lábẹ́ rẹ̀. Èmi wà lórí àga mi. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì, mo ń sùn, mo já láti ipò kejì bọ́ sí ipò 29 láàárín sáà kan, wọ́n sì nà mí nítorí rẹ̀.

Ìyá Olùkọ́

Ọmọ mi, mo ti ka ohun tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti na irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ àwọn mìíràn nínú wọn ṣì wà lórí ahọ́n mi bí mo ti ń kọ èyí, n kò sì bi ọ̀kankan nínú wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀ nílé. Mo ṣì ń bẹ̀rù àwọn tí yóò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ibi ìsádi fún àgbà ọkùnrin, ṣùgbọ́n mo kó ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti ẹrù yẹn jẹ. Kú ìfaradà.

Àbẹ̀kẹ́ Òǹwòran

Mo kí gbogbo yín, pàápàá ẹni tí kò dárúkọ. Ó pẹ́ kí n tó lè kọ èsì.

Mo wá ìwé Schlink kà lọ́sẹ̀ yìí. Ní ìparí rẹ̀, lẹ́yìn ikú Hanna, Michael gbé owó tí obìnrin náà fi sílẹ̀ lọ fún obìnrin kan ní New York, ẹni tó jẹ́ pé òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló yè nínú iná ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Obìnrin náà tẹ́tí sí ìtàn Michael àti Hanna, ó ní òǹrorò gbáà ni Hanna, ó sì bi Michael bóyá ó tíì borí ohun tí Hanna ṣe sí i nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 15. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìgbésí ayé Michael fún un bí ẹni tí a dá Ifá fún: pé ìgbéyàwó rẹ̀ kò pẹ́, kò sì dùn, pé kò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́, àti pé bí ó bá bímọ, ilé-ìwé tí wọ́n ń gbé ni ọmọ náà wà. Michael dá a lóhùn pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pàdé Hanna kankan. Ọkùnrin náà ṣì ń gbèjà rẹ̀. Ẹni tí Hanna fi sílẹ̀ kó jóná ló wá rí ọmọ ọdún 15 yẹn, àwa tí a jókòó sórí àga rọ̀gbọ̀kú ní Ìbàdàn kò rí i.

Mo ya àwòrán ojú ewé náà, mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ oríire lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ kà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì, ó dáwọ́ dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, n kò sì rí ohunkóhun. Nígbà tí aago mọ́kànlá alẹ́ ń lọ lù ni ó pè mí, ó ní kí n jọ̀wọ́ tún sọ fún òun, ọmọ ọdún mélòó ni Michael yẹn gan-an.